Orúkọ Tí Èérún Igi Ń Jẹ́

Àgùdà, Sùúrùlérè,
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Mosúnmọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi tí o ti ń jẹun, jẹun tán ná. Bó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, fi sínú báàgì títí wàá fi délé. Kì í ṣe ìròyìn àìsàn, kì í ṣe ti òkú. Ara mi le, orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo, mi ò fẹ́ kí o kà á lórí ìdúró. Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo wá rántí pé mo ka ìwé dé kíláàsì mẹ́fà. Kí ni mo kà á fún bí mi ò bá lè fi kọ èyí?

Ní Sátidé tó kọjá, o bi mí pé kí ló dé tí mo fi dìde lójijì níbi iṣẹ́ rẹ tuntun ní Igánmú, tí mi ò mu omi tí o gbé fún mi tán. Mo ní orí ló ń fọ́ mi. Irọ́ ni mo pa. Orí kankan ò fọ́ mi.

Inú mi dùn nígbà tí mo ń bọ̀ níbẹ̀. O ti sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ní àwọn ni àwọn ń gé igi onígi, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá lọ̀ tó sì tú jáde, ìwọ lo ni ín: èyí tó bá ṣeé tà, kí o tà á, èyí tí kò bá ṣeé tà, kí o wá ibi tí wàá kó o sí. Mo ní ọmọ mi ti di ọ̀gá òkìtì èérún. O mú mi lọ sẹ́yìn, mo rí i, ó ga dé òrùlé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e símú. Òórùn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ máńgòrò. Èkejì, bí mo bá ń sùn lọ́wọ́ tí wọ́n gbé e kọjá, màá jí.

Mo ní, "Mosún, irú igi wo ló wà nínú èyí?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Igi ni gbogbo ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́. Ta ló tún fẹ́ béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn agégi yín ní, "Màmá fẹ́ sọ igi lórúkọ! Ẹ lọ gbé oyin àti àádùn wá o!" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín, èmi náà fi eyín kan sí i. Nígbà tí a padà wá jókòó lo wá sọ pé o ti rí oníbàárà, obìnrin kan tó ń yan ẹja lọ́nà Ìjọra, pé àpò mẹ́wàá lo máa kó fún un ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni mo dìde.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi ni. Bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn náà. Sì gbọ́ ohun tó bí.

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kó wá sí ilé yìí. Yàrá kan la gbà. Yàrá tó kọjú sí tiwa, Ìyá Múnírù ló wà níbẹ̀. O mọ Ìyá Múnírù. Màmá àgbà tó ń to ata wẹ́wẹ́ tà lẹ́nu géètì wa, tó máa ń pọ̀n ọ́ bí mo bá lọ ọjà, tó ń pè ọ́ ní ọkọ òun. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ata ló ń tà nígbà tí mo dé ilé yìí. Ẹja ló ń yan. Àgbá mẹ́ta ló tò sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí tánkì omi wà báyìí. Ẹja tútù tó bá rà ní Ìjọra láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n bí epo, òórùn rẹ̀ á sì ti pe gbogbo àdúgbò jáde.

Èmi ni mo ń ta èérún fún un. Mo máa ń lọ síbi ìlagi ní Èbúté-Mẹ́ta, mo ń ra èérún pákó ní àpò-àpò, ọmọláńkẹ́ ni mo fi ń gbé e wálé. Owó àpò, owó ọmọláńkẹ́, títí dé owó omi tí mo bá mu lọ́nà, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tó mọ ohun tó kù fún mi. Ohun tó ń kù kò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ kan mò ń ti Yàbá bọ̀, mo rí i tí wọ́n ń gé igi nínú ọgbà kan. Èérún àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bo ilẹ̀ bí iyanrìn. Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ní, "Ìyàwó, bí ẹ bá lè kó o, ẹ máa kó o lọ. Ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀fẹ́! Mi ò tíì gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àpò mẹ́rin ni mo kó. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mi ò mọ ohun tí mo kó. Ewé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ta ni kò mọ ewé dóńgóyárò nílẹ̀ yìí? Ta ni wọn ò fún ní àgbo rẹ̀ mu rí nígbà ibà? Mo mọ̀. Mo gbọn ewé dànù, mo pò ó mọ́ èérún pákó rere tí mo ní nílé, mo rán ẹnu àpò.

Ìyá Múnírù bu ẹ̀kúnwọ́ kan bí mo ṣe bù ú lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Ìyàwó, irú igi wo nìyí? Imú mi ń sọ nǹkan kan fún mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Ìyá Múnírù! Igi ni gbogbo ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, olówó èérún." Ó sanwó mi lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ná an.

Ẹja yẹn korò. Kì í ṣe kíkorò òróòro tí wọn ò yọ dáadáa. Kíkorò tó ń dúró sí ọ̀fun ni, tí omi ò lè ṣí nídìí. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta gbáko, ti obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà wá, ó dojú apẹ̀rẹ̀ dé sílẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ó ní, "Ìyá Múnírù, ṣé àgbo lẹ fẹ́ kí n máa fi ẹja ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ni?" Àgbo ló pè é, Mosún. Ó fẹnu ba òtítọ́, kò sì mọ̀. Bàbá onílé ní kí a gbẹ́ ilẹ̀. A sin ẹja náà bí ẹni sin òkú.

Ohun tí mo fi èyí kọ́ ni màá kọ́kọ́ sọ fún ọ, nítorí Sátidé ò jìnnà mọ́. Ẹ̀rọ yín lè gba ewé lára igi, ó lè gba èèpo, ó lè gba ìdúró. Kò lè gba orúkọ. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Dóńgóyárò ò gbọ́ òwe yẹn. Bó wù kó pẹ́ tó lára máńgòrò, dóńgóyárò ni títí yóò fi jóná. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó dún, bi àwọn agégi pé kí ni orúkọ igi náà. Kí ti máńgòrò dá dúró, kí ti igi furúùtù eléwé ńlá yẹn dá dúró, kí dóńgóyárò jìnnà sí gbogbo wọn. Lọ sọ́dọ̀ télọ̀, tọrọ àjákù aṣọ, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fi pupa di ẹnu àpò dóńgóyárò, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ̀ ọ́n. Dóńgóyárò kì í ṣe ohun ìdànù o. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì á rà á tẹ́ sí ìdí òdòdó wọn, kòkòrò kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó má dé ìdí ẹja. Igi tí o ò bá sì mọ orúkọ rẹ̀ rárá, má tà á fún ẹni tó máa fi yan nǹkan, má tà á fún ẹni tó máa tẹ́ ẹ fún adìyẹ. Ohun tí ẹnu máa jẹ kì í ṣe ohun tí à ń méfò lé lórí.

Èkejì, èyí tí kò bá tà, mọ ibi tó ń lọ. Má sọ pé o ti sanwó kíkó rẹ̀. Èmi náà sanwó rí. Èérún mi kan bu nígbà òjò, mo pe ọlọ́mọláńkẹ́, mo ní kó bá mi dà á nù. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí, mo mọ ibì kan." Mi ò béèrè ibẹ̀, inú mi ń dùn pé owó tó gbà kéré. Ibì kan tó mọ̀ ni gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa! Òjò tó tẹ̀ lé e, mo ti ọjà dé lọ́sàn-án, mo bá bàtà mi tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrá, gààrí ti di ẹ̀bà láìsí omi gbígbóná. Mo fi owó mi ra omi sínú ilé mi. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìwọ ní tìrẹ, tẹ̀ lé ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kó o, fojú rẹ rí ibi tó dà á sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá kánàà ló yà sí, sọ pé kó padà. Owó rẹ̀ á lé, mo mọ̀. San án.

Òkìtì tí o fi ti ògiri yẹn ńkọ́? Tú u ká. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Èérún tútù kì í sùn, ó ń se ara rẹ̀ ni. Sá a kó gbẹ kí o tó dì í, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ láti wọ́n omi sí i kó lè wúwo. Igi ẹ̀bá títì tún máa ń ní ìṣó nínú, nítorí àwọn tó ń kan pátákó mọ́ ọn. Wá sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, yọ irin òòfà ẹ̀yìn rẹ̀, kí o máa wọ́ ọ lórí èérún kí o tó kó o sápò. Ìyẹn náà ò ná ọ ní nǹkan kan.

Mo rí i pé mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Gọ́tà àti ìṣó kọ́ ló gbé mi dìde lórí àga rẹ.

Ọkọ Ìyá Múnírù ní ìyàwó kejì, Ìyá Fàtáì. O ò mọ̀ ọ́n, ó ti lọ kí n tó bí ọ. Ìyálé àti ìyàwó ni wọ́n, àmọ́ inú àwo kan ni wọ́n ti ń jẹun. Ìyá Fàtáì ló máa ń bá ìyálé rẹ̀ ṣọ́ iná. Lọ́jọ́ ẹja yẹn, Ìyá Múnírù lọ síbi ìsọmọlórúkọ, Ìyá Fàtáì nìkan ló wà nídìí àgbá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. O ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹja korò, orogún ló wà nídìí iná. Nílẹ̀ wa níbí, ta ló tún máa wo èérún?

Wọ́n pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn obìnrin wá láti Muṣin, ó jókòó sí ọ̀nà-àárín ilé, ó ní, "Ta ló ṣọ́ iná?"

Ìyá Fàtáì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, mà."

"Kí lo dà sí ẹja ìyálé rẹ?"

"Mo fi Fàtáì búra, mi ò da nǹkan kan sí i. Iná nìkan ni mo dá. Èérún tí wọ́n rà nílé ni mo fi dá a."

Nígbà tó dárúkọ èérún, ó wò mí. Kò fẹ̀sùn kàn mí o. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mò ń já ẹ̀fọ́. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́ náà.

Ìyá Múnírù yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé èérún tí o máa ń tà fún mi náà ni?"

Mo ní, "Òun náà ni, Ìyá Múnírù."

Ọ̀rọ̀ kan péré, ni wọ́n bá dá Ìyá Fàtáì lẹ́bi. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Fàtáì di ẹní rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó jáde. Kò pariwo. Nígbà tó dé iwájú mi ó ní, "Ìyàwó, ó dìgbà." Mo ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ yín." Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ yẹn, òun ni mo ṣì ń fi gbàdúrà lónìí.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ ni. Jíjókòó tí mo jókòó nídìí ẹ̀fọ́ yẹn, mo ka owó apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n á ní kí n san, mo ka àwọn oníbàárà mìíràn tó máa gbọ́, mo ka owó yàrá tuntun bí bàbá onílé bá ní ká jáde. Mo ka gbogbo rẹ̀ pé. Èmi tí mo máa ń ka owó omi tí mo mu lọ́nà, mi ò ka Ìyá Fàtáì mọ́ ọn.

Ìyá Múnírù kò yan ẹja mọ́. Ó ní bí òun bá ti dúró nídìí iná, ojú Ìyá Fàtáì ni òun ń rí. Ó ta àgbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata. Ó pọ̀n ọ́, ó tọ́jú mi nígbà tí mo bí ọ, ó pè mí ní ọmọ. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Mosún, ṣé o rò pé ó ṣe é lóòótọ́?"

Mo ní, "Ẹ sinmi, Màmá."

Bàbá rẹ kú, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ mi, wàá ṣàṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí. Àpò á pò mọ́ra lọ́jọ́ kan tó bá rẹ̀ ọ́. Ìyẹn ò burú jù, owó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé ẹjọ́ wá, tí wọ́n ń wo ojú ẹlòmíràn, kí ẹnu rẹ ṣáájú. Sọ pé, "Èérún mi ni." Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fẹ́ san nígbà náà. Wo ohun tí mo ti ń san láti ìgbà náà. Sùúrùlérè ni orúkọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n sùúrù kò ní èrè kankan fún ẹni tó ń fi òtítọ́ dúró de ọjọ́ tó máa rọrùn. Ẹni tí mo yẹ kí n sọ ọ́ fún ti kú lójú mi.

Ó ku ẹnì kan. Mo ti béèrè kiri láti ọjọ́ Sátidé. Ìyá Fàtáì wà láyé. Muṣin ló ń gbé, lọ́dọ̀ Fàtáì tó ń tún fíríìjì ṣe. Mo ránṣẹ́ sí i pé ìyàwó ilé Àgùdà tó ń ta èérún fẹ́ wá kí i. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́.

Nítorí náà, pe obìnrin ẹlẹ́ja yẹn lónìí. Sọ fún un pé èérún rẹ ò tíì ṣeé lò, kí o sì sọ ìdí rẹ̀, má fi orí fífọ́ bò ó bí tèmi. Bó bá bínú lọ, kó lọ. Ní Sátidé màá gbé àpótí ìjókòó mi wá sí Igánmú, màá jókòó ti òkìtì yẹn, màá sọ orúkọ ohun tí imú mi bá mọ̀ fún ọ. Kí agégi yẹn mú oyin rẹ̀ wá. Èyí tí a ò bá lè yà sọ́tọ̀, pupa ni ká dì í.

Ní ọjọ́ Àìkú, mú mi lọ sí Muṣin. Mi ò ní kí o bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Jókòó tì mí ni. Ó lè lé mi, ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó lè máà sọ nǹkan kan, ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù. Ṣùgbọ́n bó bá bi mí pé kí ló mú ẹja yẹn korò, mi ò ní sọ pé igi ni.

"Ìyá rẹ" ni mo máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé tí mo bá kọ sí ọ. Lónìí, mo kọ orúkọ mi, kó lè mọ́ mi lára kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Dèbórà Àyọ̀ká,
tó ta dóńgóyárò.